Bí A Ṣe Pe Àwọn Ará Etídò Lórúkọ ní Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí láti ibi òtútù, nítorí òun ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Bàbá mi, tí ń ta aṣọ ní ọjà Ṣàpọ́n l'Abẹ́òkúta, ra kóòtù òkìríkà kan fún mi nígbà tí mò ń lọ. Ó ní òyìnbó ti wọ kóòtù náà la òtútù kọjá rí, kóòtù náà ti mọ iṣẹ́ rẹ̀. Mo gbé e wọ̀, mò ń làágùn ní ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, gbogbo ará ilé ń pàtẹ́wọ́. Ọjọ́ tí mo dé Mọ́sìkò, kóòtù gbàgbé iṣẹ́. Afẹ́fẹ́ kan fẹ́, ó gba ọrùn aṣọ wọlé, ó gba ibi ẹsẹ̀ jáde, kò tilẹ̀ kí kóòtù. Mo dúró síbẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi, bẹ́ẹ̀ n kò sunkún.

Síbẹ̀, òtútù kọ́ ló dẹ́rù bà mí jù. Orúkọ ni. Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, bí o bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbà, orúkọ rẹ̀ gan-an ni wàá pè, wàá wá fi orúkọ bàbá rẹ̀ lé e. Arúgbó tó lè bí ìyá mi yóò dúró níwájú mi, yóò ní kí n pe òun bẹ́ẹ̀. Èmi ọmọ Ẹ̀gbá! Bí mo bá dán irú rẹ̀ wò nílé wa, ìgbátí ni yóò kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Tí mo bá fẹ́ bá olùkọ́ sọ̀rọ̀, màá lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá wúkọ́ díẹ̀, màá dúró kó bojú wẹ̀yìn. Ikọ́ yìí ni mo fi ń pe gbogbo àgbà, títí wọ́n fi mú mi lọ ya fọ́tò àyà nílé ìwòsàn. Dókítà wo fọ́tò náà lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní àyà mi mọ́ ju tòun lọ.

"Kí ló wá ń mú ọ wúkọ́?"

"Ọ̀wọ̀ ni, dókítà."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Èdè ni mo lọ kọ́ lọ́hùn-ún, bí a ṣe ń gbé ìwé láti inú èdè Rọ́ṣíà bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà náà ni owó epo ṣì ń dún lápò Nàìjíríà, tí àwọn ọmọ ń lọ sí ìlú òyìnbó bí ẹni ń lọ sí oko. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́, owó epo ti ń rọlẹ̀ nílé, ilé ìtẹ̀wé kan tí ń kó ìwé ránṣẹ́ sí Áfíríkà àti Íńdíà sì ní òun fẹ́ dán mi wò. Ìyá tó jẹ́ ọ̀gá yàrá Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ ń jẹ́ Nínà Pẹtirófínà. Ẹ rí i bí mo ṣe ń pè é wọ́ọ́rọ́wọ́ báyìí. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, ńṣe ni mo kúnlẹ̀ kí n tó la ẹnu. Ó rò pé nǹkan bọ́ lọ́wọ́ mi, òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a lábẹ́ tábìlì.

Ìwé tó gbé fún mi kò nípọn. Ìtàn abúlé kan létí odò ni, àti ti obìnrin àgbà kan tó ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé èrò sọdá. Atukọ̀ yìí kì í pe ẹnikẹ́ni ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, kì í sì í pe ohunkóhun ní orúkọ tí ayé ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló ń dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, gbogbo abúlé á sì máa sọ ọ́ tẹ̀lé e. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ ń di ọ̀la. Atukọ̀ ní orúkọ fún un. Òmíràn dé Mọ́sìkò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé rẹ̀, kò sì yé sọ ọ́. Òun náà ní tirẹ̀. Ìkùukùu tó máa ń bo odò láàárọ̀, tí wàá máa gbọ́ ohùn èèyàn láìrí i, atukọ̀ ní ọ̀rọ̀ kan fún un tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Mo mọ̀, nítorí kò sí èyí tí n kò wò.

Ẹni méjì ti gbìyànjú ìwé náà kí ó tó kàn mí. Bàbá tó kọ ọ́, Sáfà Ilíìṣì, kọ tiwọn. Ó ní ẹnikẹ́ni kò ní tẹ ìwé òun ní Gẹ̀ẹ́sì àfi tí òun bá fi etí ara òun gbọ́ ọ, tó sì tẹ́ òun lọ́rùn. Nínà Pẹtirófínà sọ fún mi láì fi bọpo bọyọ̀: bí mo bá mú un yè, iṣẹ́ àti yàrá di tèmi. Bí n kò bá mú un yè, ìwé ìgbélùú mi yóò parí kí oòrùn tó mú dáadáa, n ó sì kó ẹrù mi lọ sílé. Kì í ṣe pé ilé kò wù mí o. Iṣẹ́ náà ló wù mí, ó wù mí bí àkàrà gbígbóná ṣe ń wu ọmọ tó ń ti ilé kéwú bọ̀.

Mo jókòó tì í. Gẹ̀ẹ́sì tí mo mọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ilé-ìwé míṣọ́n Abẹ́òkúta ni, Gẹ̀ẹ́sì tó ń wọ táì. Ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ ń di ọ̀la, mo pè é ní "The Habitual Procrastinator". Inú mi dùn sí i. Ní ilé-ìwé wa, ẹni tó bá lè pe ọ̀rọ̀ gígùn yẹn láì kọsẹ̀, wọ́n á ní kó jókòó níwájú. Mo kọ ìwé náà tán, mo gbé e lọ.

Nínà Pẹtirófínà mu tíì, ó kà á. Ó tún mu tíì. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ kalẹ̀.

"Gẹ̀ẹ́sì rẹ mọ́," ó ní. "Ó mọ́ bí òkú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀."

Mo na ọwọ́ kí n gba ìwé mi.

"Ìwọ náà rò ó wò. Ta ni yóò dúró létí odò tí yóò máa kígbe 'Habitual Procrastinator'? Kó tó pè é tán, ọkọ̀ á ti lọ. Gbé e padà. Kí yìnyín tó yọ́ tán, mo fẹ́ rí i. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn."

Mo fẹsẹ̀ rìn padà sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣì ń gbé. Ẹni tí kò bá tíì gbé ìlú tí a kì í ti í kí ara ẹni lórí àtẹ̀gùn, kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní dídákẹ́. Nílé, kí n tó ti ẹnu ọ̀nà wa dé ìsọ̀ bàbá mi, wọn á ti kí mi débi pé ọ̀fun mi á gbẹ. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìrìn, ìyá ń kọ́, bàbá ń kọ́. Ní Mọ́sìkò, mo lè rìn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí ohùn mi má jáde. Nígbà mìíràn màá kí ara mi, màá sì dá ara mi lóhùn, kí n lè mọ̀ pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Tẹlifóònù ló kù. Ní ìparí oṣù, màá lọ sí ọ́fíìsì tẹlifóònù, màá dúró kí wọ́n pe orúkọ ìlú mi. Nílé, Alhaji kan tí ń ta abọ́ tánganran ní Ṣàpọ́n ló ní tẹlifóònù lára àwọn ojúlùmọ̀ bàbá mi. Tí wọ́n bá ti kírun Jímọ́ọ̀ tán, ìyá mi àti Ìyàwó á lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọn á máa retí mi. Ìyàwó tí mò ń wí yìí, aya àbúrò bàbá mi ni. Orí rẹ̀ ti ń funfun nígbà náà, ṣùgbọ́n Ìyàwó ni gbogbo wa ń pè é, nítorí kò sí ẹni tó tún fẹ́ ìyàwó wọ agbolé wa lẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Mò ń rákò nígbà tí wọ́n gbé e wọlé. Ẹ sì mọ àṣà wa: ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ tó ń rákò. Ọkọ rẹ̀ ni ọmọ náà, ìbáà ṣe obìnrin bíi tèmi. Òun ni yóò dá orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún olúkúlùkù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ tutù kó tó bọ́ ọ sẹ́nu, Májẹ̀ẹ́tutù ló sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí kì í yé wo òde bóyá àlejò ń bọ̀, Ojú-ń-bẹ-lọ́nà ló ń jẹ́. Nígbà tó yá, gbogbo agbolé ti gbàgbé orúkọ tí wọ́n fi pe àdúrà lé wọn lórí.

Ọdún mélòó ni mo fi wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú atukọ̀, n kò sì mọ̀! Ibi tẹlifóònù yìí gan-an ló ti sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n pe Abẹ́òkúta, mo sáré wọ inú àpótí onígíláàsì yẹn.

"Ìyàwó, ẹ kú ilé o!"

"Ọkọ mi! Ẹ kú àjò, ẹ kú òtútù. Ṣé yìnyín ò tíì gé yín lẹ́sẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ wà. Ìyàwó, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Báwo lẹ ṣe máa ń rí orúkọ tí ẹ ń sọ wá?"

"Orúkọ kẹ̀? Ọkọ mi, ẹ ti bímọ lọ́hùn-ún?"

Mo gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́yìn: "Ta ló bímọ? Ta ló fẹ́ ẹ?"

"N kò bímọ! Iṣẹ́ ni! Wọ́n gbé iṣẹ́ orúkọ fún mi!"

Ó gbà wá ní àkókò kí ìyá mi tó mí. Ìyàwó wá sọ̀rọ̀, kò kánjú, bí ẹni pé tẹlifóònù náà kò ní òpin.

"N kì í lọ wá a níbì kankan, ọkọ mi. Màá jókòó wo ẹni náà. Màá wò ó kó jẹun, màá wò ó kó bínú, màá wò ó níbi tí kò ti mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ibi tó bá ti ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu tó sì fẹ́ràn ara rẹ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ ni màá ti mú un. Mi ò jẹ́ mú un níbi ọgbẹ́. Tí mo bá rí i tán, màá lọ sẹ́yìnkùnlé, màá pè é sókè. Ọmọ àgbẹ̀ Kọ́bapẹ́ ni mí. Lóko wa, orúkọ tí kò bá dé òdìkejì oko ẹ̀gẹ́, kì í ṣe orúkọ. Ẹni tí mo pè, tó bá bínú, mo sọ ọ́ nù nìyẹn. Tí kò bá gbọ́, mo sọ ọ́ nù. Tó bá rẹ́rìn-ín kó tó dáhùn, orúkọ ti dé."

Mo ní kó tún un sọ. Ìlà tẹlifóònù já.

Ọjọ́ kejì mo kó ìwé mi lọ sí ilé ìdáná tí gbogbo wa jọ ń lò. Lálítà wà níbẹ̀, ọmọ Íńdíà tí yàrá wa kọjú síra, àti Kofí, ọmọ Gánà tó ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, tó ń dín ẹja. Mo sọ ẹni kọ̀ọ̀kan inú ìwé náà fún wọn, ohun tó ń jẹ àti ohun tó ń mú un bínú. Mo ní kí wọ́n mú ẹni tó wù wọ́n. Lálítà ní òun ni ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ ń di ọ̀la. Kofí mú ẹni tó dé Mọ́sìkò lẹ́ẹ̀kan. Mo bọ́ sí ìta, mo dúró ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì.

"Mister Delay!"

Kò sẹ́ni tó mira.

"Postponer!"

"Kò sí nílé!" Kofí ló dáhùn.

Mo pe èyí, mo pe tọ̀hún. Nígbà tí ó sú mi, mo kàn ro ti ọkùnrin náà fúnra rẹ̀, bó ṣe jókòó létí odò tó ń wo àwọ̀n rẹ̀ tó ya, tó fẹ́ràn ọ̀la bí ẹni fẹ́ràn ọmọ. Mo ní, "Old Tomorrow!" Ó túmọ̀ sí Ọ̀la Arúgbó. Lálítà rẹ́rìn-ín, ó na ẹsẹ̀, ó dáhùn ní ohùn òkú ọ̀lẹ: "Mò ń bọ̀..." Kò dìde.

Orúkọ ti dé.

Níbi tí a ti ń rẹ́rìn-ín, ẹja Kofí ti jó. Èéfín bo ilé ìdáná, a ò rí ara wa mọ́. Lálítà kígbe, "Ta nìyẹn?" Kofí náà kígbe, "Ta nìyẹn?" Èmi náà ń wá ilẹ̀kùn, mò ń bi wọ́n, "Ta nìyẹn?" Mo dúró lójijì láàárín èéfín. Ìkùukùu odò! Kí ni àwọn èèyàn máa ń sọ nínú rẹ̀ bí kò ṣe ìyẹn? Mo pe ìkùukùu náà ní "the who's-there", mo sì gbàdúrà fún ẹja Kofí.

Báyìí la ṣe é títí, nírọ̀lẹ́ nírọ̀lẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìlú mìíràn ń wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kí a lè pè wọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìkùukùu bo ìlú, mo tò sórí ìlà búrẹ́dì. Láìrò ó, mo fi èdè Rọ́ṣíà sọ ọ̀rọ̀ tí atukọ̀ fi ń pe ìkùukùu. Ìyá arúgbó tó wà níwájú mi yíjú, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Abúlé wo ni tìrẹ, ọmọ mi?"

"Abẹ́òkúta, Màmá."

"Ìhà ibo nìyẹn? Ẹ̀gbẹ́ odò Fọ́ligà?"

"Ẹ̀gbẹ́ odò Ògùn ni."

Ó mi orí bí ẹni tó ti sọdá odò Ògùn rí. Ó ní ọ̀nà jìn, kí n bọ́ síwájú òun. Inú mi dùn ju ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí lọ. Mo ti ń rò ó pé ìlú òyìnbó ni yóò gbà mí lọ́jọ́ kan, bí ẹni ń gba ọmọ tọ́, tí yóò fi òǹtẹ̀ lù mí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú kò gba ẹnikẹ́ni. Èèyàn kan ló máa rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ rẹ lórí ìlà búrẹ́dì, ìwọ náà á rẹ́rìn-ín, ẹ ti di ará agbolé kan náà títí búrẹ́dì á fi tán. Ó pọ̀ tó. Mo ti rí àwọn tí wọ́n bí sí ìlú kan tí wọn kò ní tó ìyẹn.

Yìnyín ń yọ́ nígbà tí mo gbé ìwé náà padà. Nínà Pẹtirófínà kà á, kò fọwọ́ kan tíì. Ibì kan ló ti dúró.

"Ẹni tó lọ sí Mọ́sìkò lẹ́ẹ̀kan yìí, o pè é ní 'the Been-to'. Ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè."

"Ó wà ní Ṣàpọ́n, Nínà Pẹtirófínà."

"Ìwé atúmọ̀ èdè wo nìyẹn?"

"Àdúgbò wa ni. Ẹni tó bá ti ìlú òyìnbó dé, tí kò jẹ́ kí a gbádùn, orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn. Èkó mọ̀ ọ́n, Àkírà ní Gánà mọ̀ ọ́n. Ṣé kì í ṣe ibẹ̀ ni ọkọ̀ yín ń kó ìwé lọ?"

Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. "Èmi gbà. Ó ku Sáfà Ilíìṣì."

Bàbá náà dé ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, èèyàn kúkúrú tí ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ó bọ́ fìlà, ó jókòó, ó ní òun kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. "Pè wọ́n," ó ní. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí.

Mo dìde, mo pe gbogbo ará abúlé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni dúró ní òdìkejì odò. Tí mo bá pe ọ̀kan, á béèrè pé, "Níbo lo ti mú un?" Èmi á sì fi èdè Rọ́ṣíà sọ ibi tí mo ti mú ẹni náà. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Mo ti ń rí ẹrù mi tí mo dì. A dé orí Been-to, mo ṣàlàyé fún un.

"Ẹ̀yin náà ní irú ẹ̀ nílé yín?"

"Wọ́n pọ̀, Bàbá. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú ń tú wọn sílẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ikùn, ó rẹ́rìn-ín títí Nínà Pẹtirófínà fi bu omi fún un. Nígbà tó nu ojú tán, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

"Atukọ̀ yẹn, ìyá mi ni. Ó ti kú. Àwọn méjì tó ṣáájú rẹ, wọ́n jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ bí olùkọ́. Nínú tìrẹ, ṣé ó ń rẹ́rìn-ín?"

"Ó ń rẹ́rìn-ín, Bàbá. Kó tó pe ẹnikẹ́ni, ó ti ń rẹ́rìn-ín."

Ó yíjú sí Nínà Pẹtirófínà. "Ẹ tẹ̀ ẹ́," ó ní. "Kí ẹ sì wá yàrá tó gbóná fún ọmọ yìí. Ẹ wo kóòtù tó wọ̀."

Mi ò lè dúró di ìparí oṣù. Mo fi wáyà ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n jókòó ní Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀. Ìyá mi ló gbé tẹlifóònù.

"Ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á, Ìyá mi! Wọ́n gbà mí síṣẹ́!"

"Alihamudulilai!" Ariwo sọ ní ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ súnmọ́ tẹlifóònù. "Ìyẹn ni pé o ò bọ̀ wálé mọ́."

"Mò ń bọ̀. Wọ́n máa ń fún wa ní ìsinmi. Iléyá ni mo máa fi tèmi ṣe, nílé, lọ́dọ̀ yín."

"Àjò kì í dùn kí onílé má relé o."

"Mo mọ̀, Ìyá mi."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Àlùbáríkà á wà níbẹ̀. Àwọn orúkọ tí Ìyàwó ní o ń wá nígbà yẹn, pe ọ̀kan kí n gbọ́."

"Old Tomorrow."

"Ta nìyẹn?"

"Ọkùnrin kan ni. Ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, ó dọ̀la."

Ìyá mi kì í dá ọ̀rọ̀ dídùn jẹ. Mo gbọ́ tó yíjú sí inú ṣọ́ọ̀bù: "Ẹ wá gbọ́ o! Ọmọ mi ní ọkùnrin kan wà ní Rọ́ṣíà tí wọ́n ń pè ní Ọ́ọ̀dù Tùmọ́rò, nítorí ọ̀la rẹ̀ kì í tán!"

Ohùn obìnrin kan tí n kò mọ̀ ló dáhùn pé, "Rọ́ṣíà ibo? Ṣé kì í ṣe òun ló jókòó sórí àga yẹn, tí mo ti ń bi ní abọ́ mi láti ìgbà ààwẹ̀?"

Ṣọ́ọ̀bù tú. "Alhaji, wọ́n ń pè yín o! Láti Mọ́sìkò! Ọ́ọ̀dù Tùmọ́rò!" Ẹ̀rín Ìyàwó ló ga jù. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di tẹlifóònù mú, mò ń rẹ́rìn-ín nínú àpótí onígíláàsì, àwọn ará Rọ́ṣíà ń wò mí láti ìta. Díẹ̀díẹ̀ ni ariwo rọlẹ̀, mo sì gbọ́ ohùn Alhaji fúnra rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ohùn tó wúwo, tí kò kánjú.

"Ẹ sọ fún ọmọ náà pé mo ti gbọ́," ó ní. "Tó bá dọ̀la, n ó dá a lóhùn."